Òṣùwọ̀n Kọfí, Aago Mẹ́ta Òru

Bàbá Olúmọdẹjì ní mo ja òun lólè.
Ó ní òṣùwọ̀n mi kò dọ́gba,
pé àpò kọfí mẹ́tàdínlógún lòun gbé ti Ìyámóyè wá,
mẹ́rìnlá ni mo kọ sínú ìwé.
Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ tó ń sún omi sínú iṣan rẹ̀:
"Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n! Olè ni yín."

Aago mẹ́ta òru ni, ní Kàbbà.
Ọyẹ́ ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Ẹ̀rọ ń ké pín-ín, ó tún ń ké pín-ín,
jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ògiri bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.
Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé e dé.
Ibà ti lọ, èémí ti ń padà,
àmọ́ iyè ò tíì bá ara dé.
Iyè ṣì wà lọ́nà,
ó yà bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú
jókòó nídìí igi kọfí.

Dókítà kékeré ní, "Ẹ dè é lọ́wọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì."
Báńdéèjì wà lápò mi.
Mo ti de ènìyàn rí, n ò ní purọ́.
Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo de ìyá kan láti Ayétòrò,
ó fi gbogbo òru bẹ ẹnì kan tí n ò rí,
pé kó dákun, òun kò jí ẹran ẹnikẹ́ni.
Ọwọ́ rẹ̀ wú. Ilẹ̀ mọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.
Mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn
tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà.

Mo fi báńdéèjì sílẹ̀ sápò.
Mo wo abẹ́ aṣọ ìbora:
rọ́bà ìtọ̀ ti ká, ìtọ̀ ò ráyè sàn,
abẹ́ ikùn le bí agbè. Mo tú u.
Mo fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, ó fajú ro;
mo fún un ní oògùn ìrora, n ò fún un ní ti oorun.
Iná tó ń ràn sí i lójú, mo pa á.
Awò ojú rẹ̀ ńkọ́?
Inú báàgì Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ rẹ̀ ló wà,
ó fi aṣọ wé e, "kó má baà fọ́."
Ọjọ́ márùn-ún ni bàbá fi ń wo ayé nínú kùrukùru,
a wá ń bi ara wa ìdí tó fi ń rí iwin.

Mo fi awò kọ́ ọ létí.
Mo jókòó, kí ojú mi má baà ga ju tirẹ̀ lọ.
N ò sọ pé kò sí kọfí níbí:
ta ní í bá àgbà jiyàn nídìí òṣùwọ̀n?
N ò sì sọ pé àpò rẹ̀ pé,
torí irọ́ náà ń de ènìyàn.
Mo ní, "Okun o, Bàbá."

Ó dákẹ́.
Ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri
bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn.
"Okun," ló wí. "Okun, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"
"Ọmọ Adúràgbèmí, káfíńtà Ìyàrà.
Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọsibítù Kàbbà nìyí.
Ọjọ́bọ̀ ni. Òru ni. Ara yín ń yá bọ̀."
Ó wo fèrèsé. Ó gbà pé òru ni.

"Kọfí mi ńkọ́?"
"Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń sá a."
Orí àpáta ni, ó ní, àpáta tí oòrùn ti yán;
wọn kì í dà á jọ, wọn a máa fọwọ́ yí i.
Ọwọ́ rẹ̀ ń yí nǹkan lórí aṣọ ìbora,
ọwọ́ tí wọ́n ní kí n dè.
Rẹ̀mílẹ́kún jí lórí ẹní, ó wá di èkejì mú.

Aago márùn-ún kọjá kó tó sùn.
Nígbà tí oòrùn yọ, mo ta kọ́tìnì,
a gbé e jókòó sórí àga.
Ó wò mí tààrà láti inú awò:
"Akọ̀wé, ó ku àpò mẹ́ta."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ọ̀sán:
Ó sùn wákàtí méjì. Ẹ má bọ́ awò rẹ̀.
Ẹ kí i ní Okun.
Ó ku àpò mẹ́ta.