Ọ Méjì

Inú fóònù Alájọ Oyèdìjí ni mo kọ́ ọ sí,
ìwé tí kì í béèrè nẹ́tíwọ̀kì kí ó tó ṣí.
Kò sí ní Èkó, kò sí lókè òkun;
bí ìgbín, ilé rẹ̀ ń bá a rìn
láti Tákìé dé Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
Òjò ìbáà rọ̀, òpó ìbáà wó,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orúkọ ń sùn nínú àpò ṣòkòtò ọkùnrin kan.

Mo yangàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ju káàdì nù."
Wọn ò jù ú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá eléèédú dé láti Máṣífà,
ó fẹ́ kó owó rẹ̀. Páànù òrùlé ló fẹ́ fi rà.
Alájọ tẹ Ọládoyin.
Fóònù ronú díẹ̀, ó ní: Kò sí.
Wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí.
Obìnrin náà fi àtàǹpàkò dúdú kan gíláàsì,
ó ní, "Ta wá ló dúró síbí?"

Kò pariwo. Èyí ló dùn mí jù.

Mo jókòó sórí àpò èédú, mo tú ìwé náà
láti orí dé ìdí, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn,
bí àlejò tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò
nítorí pé kò béèrè ọ̀nà.
Ó pẹ́ kí n tó bá a nílé.
Ọládoyin. Owó rẹ̀ pé, kọ́bọ̀ kò dín.

Ọ méjì ló wà.
Ojú wa ò lè yà wọ́n, fóònù yà wọ́n.
Ọ̀kan gbé àmì rẹ̀ wá láti inú ìyá;
èkejì, O lásán ni wọ́n bí i,
ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n kọlà fún un nísàlẹ̀.
Bọ́tìnnì àtijọ́ ló kọ ìyá yìí wọlé lọ́dún èṣí,
bọ́tìnnì tuntun ló ń wá a.

Mo fẹ́ bú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi.
Ohun tí a bá bi í ló ń dáhùn,
kì í gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn.
Èmi ni n kò kọ́ ọ láti bèèrè
bóyá ẹni tó jọ ọ́ wà.

Lóru, mo fi tọ́ọ̀ṣì ṣe òfin tuntun:
kí gbogbo Ọ kọ ìlà kan náà kí ó tó wọlé,
kí ẹni tó ń wá a náà kọ irú rẹ̀
kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Alájọ ti sanwó fún un kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.
Káàdì ni wọ́n wò.
Ipa èédú ṣì wà lójú gíláàsì,
níbi tí "Kò sí" ti hàn.
N kò nù ún.