Ìbéèrè Kan, Èsì Kan

Lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún lókè Ìtòkò,
mo la ihò sára kọ̀ǹpútà mi,
mo fún un ní nọ́ńbà: márùn-ún lọ́nà mẹ́rin.
Èkejì rẹ̀ wà lẹ́bàá odò ní Láfẹ́nwá,
nínú àpótí tí Abọ́sẹ̀dé fi ọ̀rá wé,
ó ń ṣọ́ bí omi Ògùn ṣe ń ga.

"Odò ti tó ibo?" ni mo kọ.
Òfin ni: ẹni tó bá béèrè
kò gbọdọ̀ yanu mọ́ títí èsì yóò fi dé.
Mo dákẹ́.
Nẹ́pà mú iná lọ, ó mú un wá, ó tún mú un lọ.

Lánàá, mo kéde kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn:
ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣòfò.
Bàbá mi náà pè mí bẹ́ẹ̀ láti orí ibùsùn;
etí mi ò tíì délé.

Aago méjì òru: "Ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì."
Mo gbé fóònù.
"Abọ́sẹ̀dé, ká ẹní rẹ, máa bọ̀ lókè!"
Òun náà ti ń pariwo orúkọ mi,
àwa méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
kò sẹ́ni tó dúró de èsì.