Ìwé Olójú Ewé Ogójì

Aago mẹ́jọ alẹ́ la máa ń wọlé ní Òkè-Baálẹ̀.
Fùláwà á bo irun ìpéǹpéjú wa,
a ó dà bí arúgbó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Búrẹ́dì wa á ti dé Ìkìrun kí oòrùn tó yọ.
Owó wa ò tíì dé ibì kankan.

Oṣù kìíní, Ọ̀gá Adégbìtẹ́ ní fùláwà ló wọ́n.
Oṣù kejì, ó ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́.
Oṣù kẹta, ó ra mọ́tò,
ó ní ká bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.
A bá a dúpẹ́.
Múkáílà tilẹ̀ bá a fọ mọ́tò náà.

Èmi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.
Ohun tí mo ní ni ìwé ọmọ mi,
tó fi ṣe ìṣirò dé ewé kẹsàn-án kó tó pààrọ̀ kíláàsì.
Níbi tí mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin parí sí
ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ lálaalẹ́:
ọjọ́ báyìí, àpò méje, mo wọlé ní mẹ́jọ, mo jáde ní mẹ́fà.
Bọ́tà ta sí i. Níbì kan, iná lọ, ìlà wọ́.

Ìyá Tóyọ̀sí ní, "Ráfíátù, ta lo fẹ́ kà á fún?"
Mi ò mọ̀.

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́:
òun náà ló padà sọ ọ́, lóṣù karùn-ún,
òun tó ti ń dákẹ́ láti ọdún méjìlá.
A wọkọ̀ lọ sí Abẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rin nínú mọ́kànlá.
Àwọn méje ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n lé àwọn
níbi tí wọn ò ti sanwó fún wọn.

Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ bi wá,
"Ìwé tí wọ́n fi gbà yín dà?"
Ẹnu ni wọ́n fi gbà wá.
"Ẹ̀rí ìgbà tó sanwó gbẹ̀yìn ńkọ́?"
Múkáílà yọ fóònù tójú rẹ̀ ti fọ́:
alẹ́ẹ̀tì oṣù Èrèlé, orúkọ ọ̀gá hàn gedegbe.
Èmi fa ìwé yọ.
Ó rẹ́rìn-ín sí ìṣirò ọmọ mi,
lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ń fìka tẹ̀lé e, alẹ́ kan, alẹ́ kan.
Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ká lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wá,
ká má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni,
títí kan òun alára.

Ìwé ìpè lọ bá ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, kò yọjú.
Ẹ̀kẹta dárúkọ kóòtù.
Ó dé tòun ti agbádá, ó ní ọmọ òun ni gbogbo wa.
Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin bàbá wọn,
èló lẹ jẹ àwọn ọmọ yín?"

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti wọlé.
Ìyókù, ó tọwọ́ bọ̀wé pé ìparí oṣù tó ń bọ̀;
mo ti kọ ọjọ́ náà sí ewé kejìlélọ́gbọ̀n.
Lánàá, nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀kan nínú àwọn méje
fà mí láṣọ, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jalè:
"Ǹjẹ́ ọmọ rẹ ṣì ní ìwé tí kò kọ tán?"