Òbìrìkìtì

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà.
Jẹ́ẹ̀lì tí mo tẹ̀ sí ìhà yín tutù bí omi àmù ìdájí,
ẹ ta gìrì, ẹ ní, "Oyèpéjú, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti ń gbó oògùn lẹ́nu,
oògùn àárọ̀, oògùn alẹ́.
Àyà á já, òógùn á bò yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì,
láìsí ẹni tó lé yín.
Dókítà kọ ọ́ síwèé: ẹ bá wa wo orí kíndìnrín ọ̀tún.

Ẹṣẹ́ kékeré kan ń bẹ níbẹ̀,
ó dé orí kíndìnrín bíi fìlà abetí-ajá.
Òun ló ń ké sí ọkàn pé "Sáré!" nígbà tí ejò bá yọ.
Ta ló wá ń rí ejò lójoojúmọ́ nínú ara yín?

Ẹ̀rọ yìí kò ní ojú, ohùn ló fi ń ríran,
ohùn tí etí ajá pàápàá kò lè gbọ́.
Ó kan ilẹ̀kùn ẹran ara, ó gbọ́ èsì, ó padà wá yà á,
bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìka ta ìkòkò kí wọ́n tó sanwó:
èyí tó bá là, ohùn rẹ̀ ni yóò tú u fó.

"Ẹ fa èémí sínú, Mà. Ẹ mú un."
Ẹ̀dọ̀ yín sọ̀ kalẹ̀, ó di fèrèsé fún mi,
mo sì rí i. Kókó kan.
Ó dúdú, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tó ti jẹun tán.
Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Ibẹ̀ ni iná lọ.

Nínú òkùnkùn, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀,
ẹ bi mí: "Báwo ni etí rẹ̀ ṣe rí?"
Èmi tí ẹ kọ́ ní Prámárì Karùn-ún ní Ìjẹrù,
tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrìkìtì láìlo okùn,
tí ẹ ní: "Ibi tí ìlà bá ti já, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń jáde."

Iná dé. Mo tún wá a lọ.
Jẹjẹrẹ kì í mọ ààlà. A máa ta gbòǹgbò,
a máa yọ́ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá,
inú rẹ̀ a sì rí wúruwùru bí ilé tí wọ́n wó lójijì.
Tiyín ní ààlà. Mo tan àwọ̀ pupa àti búlúù sí i:
ẹ̀jẹ̀ ń kọjá nínú iṣan rẹ̀, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà.
Ìlà náà pé, ó pé, ó pé,
àyàfi ibì kan bí orí ìka, tí òjìji eegun ìhà bò.
Mo yí yín sósì. Mo yí yín padà. Eegun kò yẹ̀.

Ǹ bá ti parọ́. Owó mọ́tò Ìbàdàn kò kéré,
níbi tí ẹ̀rọ tó ju èyí lọ wà,
àti ìtọ̀ ọjọ́ kan gbáko tí ẹ óò máa gbè sínú kẹ́ẹ̀gì.
Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi ló dùbúlẹ̀ yìí.
"Kò jọ jẹjẹrẹ, Mà. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí n kò rí."

Ẹ nu jẹ́ẹ̀lì kúrò, ẹ ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
"Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá," ẹ ní.
"Méjì tó kù, màá lọ gbà á ní Ìbàdàn."