Fìlà Adájọ́ Tọ́nbẹ́rì

Dákẹ́ ni bàbá mi sọ mí.
Wọ́n fi omi òtútù tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórí ní ìjọ Élímù,
ní oṣù tí yìnyín ń di ẹnu ìkòkò pa,
mo sì ti jẹ́ orúkọ náà fún ọdún mẹ́tàlélógójì.
Lónìí tí mo ń gbálẹ̀ ilé ìpàdé,
tí kò sẹ́nìkan ńbẹ̀ àfi ìgbálẹ̀,
n ó yà kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀.

Pákó ni ilé yìí. Pákó àti ìṣó.
Kò sí ère, kò sí àgbélébùú, kò sí fèrèsé aláwọ̀;
wọ́n ní ohun tí àwọn sá fún ní Ìlú Ọba nìyẹn.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, àdúrà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹjọ́.
Àga kan náà.
Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kì í jẹ adájọ́, òfin wa ni,
ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tí adájọ́ máa ń wò kó tó lanu.

Ọkùnrin tó bá fẹ́ dìbò
á kọ́kọ́ dìde níwájú ìjọ,
á sọ ọjọ́ tí oore-ọ̀fẹ́ yà sílé rẹ̀.
Híráámù alágbẹ̀dẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta.
Òógùn bò ó. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ náà,
ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́,
ta ló lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú?
Wọ́n ní kó lọ jókòó.
Òun ló rọ gbogbo ìṣó tó di ilé yìí mú.

Lánàá, ẹjọ́ Elikana Pẹ́kì ni.
Ó ní ilẹ̀ tí a kọ́lé lé, a ò tíì san owó rẹ̀.
Ó ní ọfà kan tí Nọṣawánì yà sí ìdí ìwé
kò mọ̀ pé "títí láé" wà lókè orí òun.
Ó ní ọba kò lè fúnni ní ohun tí kò fojú rí rí.
Adájọ́ Tọ́nbẹ́rì ṣí Diutarónómì.
Ó pa á dé.
Ó bọ́ fìlà.

Àgbàdo, kí ó máa lọ.
Ẹ̀wà, kí ó jókòó.
Bí a ti ń dìbò nìyẹn ní Élímù.

Èmi ni mo gbin àgbàdo yẹn.
Mo fi ẹja sábẹ́ ebè rẹ̀
bí ìyá Nọṣawánì ti kọ́ ìyá mi
lọ́dún tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá tán,
kí ìgbóná tó pa òun náà.
Èmi ni mo já ẹ̀wà yẹn, mo sá a, mo ṣa kòkòrò rẹ̀.
Fìlà dé ọ̀dọ̀ ọkọ àbúrò mi,
ó fò mí, ó kọjá.

Àgbàdo mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀wà mẹ́ta.
Akọ̀wé kọ ọ́ pé: gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan.

A sá fún kìnnìún, a la òkun já,
a wá ń kọ́ ọmọ wa ní bíbú ramúramù.

Elikana ti kọjá odi láàárọ̀ yìí, òun àti ajá rẹ̀,
kúbùsù ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn.
Ìrì dídì ti bo ipasẹ̀ wọn kí n tó délé ìpàdé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.
Ọkùnrin méjìdínlọ́gbọ̀n ló jókòó níbí lánàá.
Mo kà wọ́n; ta ní í ṣọ́ ẹni tó ń jẹ́ Dákẹ́?
Ní báyìí ìgbálẹ̀ mi yí ẹ̀wà kan jáde
lábẹ́ àga díákónì Ṣúbáélì,
ẹ̀wà kan ṣoṣo, tó ń dán,
bí ohun tí àtàǹpàkò ti fọwọ́ pa títí
tí ọkàn ẹni tó ni ín kò gbé e dé fìlà.

Mo ti sọ ọ́ sápò.
Bí ilẹ̀ bá rọ̀ lóṣù Èbìbí,
mo mọ ibi tí mo máa gbìn ín.