Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni Méjì

Òkè ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni ọ́fíìsì mi wà,
àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, ìkẹjọ ń dún.
Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá ará Lunenburg
kọ ohun tí ẹnu wọn kò fẹ́ sọ.
Bí ẹsẹ̀ bá ti kan ìkẹjọ, mo ti ń mọ̀
bóyá ilẹ̀ ló gbé e wá, tàbí ikú.

Elswood Knickle dúró pẹ́ lórí ìkẹjọ.
Ó gbé agolo bísíkíìtì há abíyá,
ó ń rùn bí iyọ̀ àti epo ẹ́ńjìnì,
kò ṣí fìlà.
"Verna," ó ní, "dókítà ti sọ̀rọ̀.
Ó ní kí n má wulẹ̀ ra àwọ̀n tuntun."

A tú agolo:
ìwé ilé, ìwé báńkì, rìsíìtì ẹ́ńjìnì ọdún 1988,
eyín ọmọdé kan tí wọ́n wé sínú bébà.
Mo bi í pé ti ta ni.
"Ti Murray. Má kọ ìyẹn sílẹ̀."

Mo kọ ìyókù.
Ilé fún Leta. Owó báńkì, kí wọ́n dá a sí méjì.
Nígbà tó kan ọkọ̀, ó dákẹ́,
ó wo èbúté láti ojú fèrèsé;
ọkọ̀ ọ̀hún ń mi orí níbi tí wọ́n so ó mọ́
bí ẹṣin tó ń retí olúwa rẹ̀.
"Màá padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."
Ó fọwọ́ sí èyí tó wà nílẹ̀.
Alábúrẹ́dì àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gòkè wá jẹ́rìí,
ìyẹ̀fun wọn wà létí ìwé náà títí dòní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé.
Elswood kò dé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Murray àti Leta kò ti kí ara wọn,
láti ìsìnkú ìyá wọn, nítorí abọ́ tánganran kan.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ,
ṣùgbọ́n abọ́ ni wọ́n ń mẹ́nu bà.
Wọ́n jókòó níwájú mi,
ọ̀kan kọjú sí ògiri, ọ̀kan kọjú sí bàtà ara rẹ̀.
Ọkọ̀ kò sí nínú ìwé.
Kálukú ti lọ gba lọ́yà ní Halifax.
Àmì kékeré kan ló ya ogún kúrò lára ogun;
mo ti rí ilé púpọ̀ tó gbàgbé láti fi í sí i.

Leta ló rí i, nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná:
ìwé tó ń sọ ìgbà tí òkun ń kún, ìgbà tó ń fà,
oṣù Kẹwàá, pẹ́ńsù lẹ́yìn rẹ̀:
*Ọkọ̀ jẹ́ ti àwọn méjèèjì.
Ìtọ́kọ̀ gba ẹnì kan, àwọ̀n gba ẹnì kan.
Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Elswood Knickle.*
Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí òǹtẹ̀,
àfi àbàwọ́n tíì lórí ọjọ́ kẹtàlá.

Ìbá ti jù ú síná. Iná wà nítòsí.
Mo gbọ́ ìkẹjọ.
"Ṣé ìwé lèyí?"
"Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ látòkè délẹ̀, ìwé ni."

Mo gbé e dé iwájú adájọ́
pẹ̀lú káàdì Kérésìmesì mẹ́ta tó ti kọ sí mi:
K kan náà, tó tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa okùn.
A kéde fún oṣù mẹ́fà pé kí ẹni tó bá jẹ ní gbèsè wá.
Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló yọjú,
ó ní ogójì dọ́là, láti ọdún 1981.
Murray ti san án kí n tó débẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, wọn kò dì mọ́ra.
Ṣẹ́ẹ̀kì méjì ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ mi,
ìdajì, ìdajì, lọ́jọ́ kan náà, nínú àpò ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Oṣù Kẹta, ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ tapólìn.
Oṣù Kàrún-ún, mo gbójú sókè nídìí tíì mi,
tapólìn ti ká.

Eyín ọmọdé yẹn wà lọ́dọ̀ mi.
Ó gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, tàbí kò gbàgbé.
Kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan,
kóòtù kò mọ̀ ọ́n,
mi ò sì tíì mọ ẹni tí mo máa gbé e lé lọ́wọ́.