Àmín Ṣáájú Àdúrà

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé wa ní Halifax,
òkúta tí èéfín ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́ ti kùn dúdú,
ògiri tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbà kan.
Òtútù ò rí i wọlé,
wáìfáì náà ò rí i jáde.

Àpótí funfun tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi ránṣẹ́ sí wa lọ́fẹ̀ẹ́
jókòó sídìí ilẹ̀kùn àbáwọlé, lábẹ́ àwọn kóòtù òjò,
iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí kò sùn.
Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń mu nínú rẹ̀:
ti Gbádégẹṣin, tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ní Leeds ṣèpàdé lórí ibùsùn;
ti Mọrẹ́nikẹ́, tí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù;
ti Ìyíọlá, tó ń bá ọ̀tá kan ní Jámánì jagun nínú yàrá abẹ́ òrùlé;
àti tèmi, àgbà inú wọn, tí bọ́tìnnì kan ti já bọ́ lára rẹ̀,
tí mo fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ọgbẹ́
bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá ọkọ mi pè láti Ìlá.
Ó ń ṣàdúrà lọ. Ló bá dúró gbagidi,
ẹnu yíyà, ọwọ́ kan lókè, eyín wúrà ń dán.
A ṣe "Àmín!"
Àdúrà ò tíì dé.
Ìgbà tí yóò fi dé, gbogbo rẹ̀ ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà,
a ò mọ èyí tí a ti ṣàmín sí,
Ìyá sì ti ń bèèrè pé kí ló dé tí ẹ dákẹ́.

Ó di ṣọ́ọ̀bù.
Àwọn módẹ̀mù tò sórí pẹpẹ,
òmíràn níwo mẹ́rin, òmíràn mẹ́jọ,
bí aláǹtakùn tó kú, tó na ẹsẹ̀ sókè.
Ọmọkùnrin tó ń tajà, Callum ni wọ́n kọ sí i láyà,
ń ki wọ́n bí ẹni ń ki ẹṣin eré-ìje.
Mo ní: "Ìwo mẹ́jọ yìí, ṣé ó lè kan ògiri òkúta lu?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí.
Ó ní òkúta ni ilé ìyá-ìyá òun náà, ní Hebden Bridge.
Ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ti ilé kúrò nílẹ̀."

Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn ó dín ẹyọ kan ni oníwo mẹ́jọ.
Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́nà: odindi òru kan
tí mo fi ń yí aláìsàn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.
Mo dá a padà. Mo ra wáyà gígùn, pọ́n-ùn mẹ́fà.

Gbádégẹṣin fi ìṣó kéékèèké kan wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn,
ó kan àtàǹpàkò ara rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.
A gbé àpótí náà ka àpótí ìjókòó, ní agbede méjì òkè àti ilẹ̀,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró,
tí gbogbo wa sì ń gbà kọjá.

Kò tíì dé ilé ìdáná rárá.
A ti gbà bẹ́ẹ̀; ibẹ̀ ni a ó ti máa wojú ara wa.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e,
Ìyá gbọ́wọ́ sókè ní Ìlá,
ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ ní Halifax.
Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn mi,
mo dúró de òpin gbólóhùn:
kí ẹsẹ̀ yín má ṣìnà nílẹ̀ olótùútù.

Àmín.
Ó bọ́ sákòókò.

Ìyá ní: "Ta ló ń ké lókè yẹn?"
"Ìyíọlá ni, Ìyá. Wọ́n tún ti pa á."